Dídènà òkété ní oko etílé ní Kétu

Dídènà òkété ni gbogbo ọgbọ́n tí olóko etílé ń dá kí òkété má baà hú irúgbìn rẹ̀ jẹ tàbí kí ó gbẹ́ ihò sábẹ́ ọgbà rẹ̀. Ní Kétu, ìlú Alákétu ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn ará ilé a máa gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà tàbí ilá díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Òkété wà lára ẹran tó ń bá wọn pín in.

Òkété, Cricetomys gambianus, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní rat de Gambie, tóbi ju eku ilé lọ fíìfíì. Àgbà rẹ̀ lè wúwo tó kílò kan tàbí kó lé díẹ̀, ìrù rẹ̀ sì gùn tó ara rẹ̀; ìdí ìrù náà dúdú, ṣóńṣó rẹ̀ funfun. Òru ló ń jẹ̀. Kò ríran dáadáa, imú àti etí ló gbójú lé. Nítorí imú yìí ni wọ́n fi ń kọ́ ìbátan rẹ̀ kan, Cricetomys ansorgei, ní iṣẹ́ wíwá àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ní Tanzania. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà lọ́dún 2020 fún èyí tó wá rí ní Cambodia. Ẹni tó bá rò pé òun ti fi iyẹ̀pẹ̀ bo ẹ̀pà tóun gbìn mọ́ òkété lójú, kò tíì mọ ẹni tóun ń bá ṣeré.

Àpò wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ohun tó bá rí, á kó o sẹ́rẹ̀kẹ́ títí á fi wú, á sì gbé e lọ sínú ihò, níbi tí ó ti ní yàrá ìsùn àti yàrá tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Wọ́n a máa bá ìdérí ìgò àti owó wẹ́wẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnu ihò náà kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn ọdẹ mọ èyí dáadáa: bí ẹnì kan bá ń fẹ́ èéfín sí ẹnu kan, ẹlòmíràn á ti dúró ti èkejì. Fífi òkúta dí ihò kan ṣoṣo, àṣedànù ni.

Àárọ̀ ni a ń mọ̀ pé ó wá. Bí àgbàdo tí a gbìn níjẹta bá ti di ihò wẹ́wẹ́ lórí ebè, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì láìfo ẹyọ kan, òkété ni ká fura sí. Àparò kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ rúdurùdu. Ti ẹ̀gẹ́ ló ń dunni jù. Ewé á ṣì tutù yọ̀yọ̀ lókè, ṣùgbọ́n bí a bá di igi rẹ̀ mú tí a fà á, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló máa yọ, kò ní sí nǹkan nídìí rẹ̀ ju ihò ròbótó àti èèpo tí eyín ti họ. Ká má sì dárúkọ oyà mọ́ ọn: igi àgbàdo tó wà lókè ilẹ̀ ni oyà ń gé, ní ìdàgẹ̀rẹ̀ bí ẹni fi àdá bẹ́ ẹ.

Kétu mọ odi í mọ. Yàrà àti odi ni wọ́n fi yí ìlú ká láyé ogun, ẹnubodè Àkábá Ìdènà sì wà níbẹ̀ títí dòní, bí ogun Dàhòmì tilẹ̀ fọ́ ìlú náà ní 1886. Ṣùgbọ́n ọgbà lápálàpá tàbí pèrègún tí a fi ń dá ewúrẹ́ dúró kò lè dá òkété dúró, nítorí abẹ́ rẹ̀ ló máa gbà. Nẹ́ẹ̀tì onírin ló ń ṣiṣẹ́, kí ojú rẹ̀ má fẹ̀ débi tí òkété á ráyè gbà, kí a sì rì í wọlẹ̀ tó ogójì sẹ̀ǹtímítà. Kí a tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta, kí ẹni tó bá ń walẹ̀ bọ̀ lè bá irin pàdé. Òkété mọ igi gùn, nítorí náà páànù tó ń dán ló yẹ ká kàn sí òkè rẹ̀. Owó ni gbogbo èyí. Ẹni tí kò bá ní tó, kí ó fi nẹ́ẹ̀tì yí ibi tí ó gbin ẹ̀pà sí nìkan, kí ó sì palẹ̀ àkìtàn, igi ìdáná àti igbó ṣúúrú tó wà nítòsí mọ́. Ó dára ju kéèyàn fi ọgbà tí kò délẹ̀ yí gbogbo oko lọ.

Ẹ̀bìtì àti tàkúté ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Eyìn tàbí ẹ̀pà ni wọ́n ń fi ṣe oúnjẹ ẹnu rẹ̀, ojú ọ̀nà tó ń gbà ni wọ́n sì ń dẹ ẹ́ sí. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú ló yẹ ká dẹ ẹ́, ká tú u kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ọmọdé àti adìẹ.

Májèlé eku ni kò yẹ ká fọwọ́ sí rárá. Òkété jẹ́ ẹran jíjẹ; ẹni tó bá dé ọjà á rí i lórí àtẹ, gbígbẹ, tó káwọ́ lérí bí òwe ṣe wí. Èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé eku kì í pa á lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan, láàárín ìgbà náà ó sì lè kó sí tàkúté ẹlòmíràn, kó di ọbẹ̀. Ajá àti ológbò tó bá jẹ òkú rẹ̀ náà wà nínú ewu. Oògùn kòkòrò òwú tí àwọn kan ń dà sí oúnjẹ fún un tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò yẹ kéèyàn fi ọwọ́ lásán mú òkété láàyè tàbí ní òkú. Ní 2003, àrùn mpox, tó máa ń sú síni lára, ran èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n kó òkété àti àwọn ẹran kéékèèké mìíràn wọlé láti Ghana. Ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ya inú rẹ̀, ẹran náà sì ní láti jinná dénú eegun.