Oníduúró: bí gúrúùpù aládìrẹ ṣe lè mọ ẹni tó ń wọlé

Bí gúrúùpù WhatsApp àwọn aládìrẹ ní Abẹ́òkúta bá ti ń tóbi, ẹni tó dá a sílẹ̀ kì í mọ gbogbo ojú mọ́. Líǹkì ló sábà máa ń fà á. Ọmọ ẹgbẹ́ kan á gbé e sí Facebook kí oníbàárà lè tètè wọlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ti wà láàárín wọn.

Láti ọdún 2023, alámòójútó lè dá ẹni tó tẹ líǹkì dúró títí tó fi máa gbà á tàbí kọ̀ ọ́. Inú ètò gúrúùpù (settings) ni wọ́n ti ń tan ìdádúró yìí. Kí wọ́n tún líǹkì ṣe pẹ̀lú, torí èyí tó ti wà níta kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ ní kété tí tuntun bá dé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà, orúkọ àti bóyá àwòrán nìkan ni alámòójútó sábà máa ń rí, àwòrán ẹlòmíràn kò sì ṣòro láti jí.

Ibi tí oníduúró ti wúlò nìyí. Nígbà tí Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan ló jókòó sí àdúgbò tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn olóyè rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìtòkú, níbi tí ọjà àdìrẹ wà lónìí. Títí di ìsinsìnyí, “ọmọ ta ni, ilé wo?” ni àgbà ń kọ́kọ́ bi àlejò. Ó yẹ kí gúrúùpù náà bi í: ta ló dúró fún ọ?

Ẹni tuntun á dárúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan. Alámòójútó á wá pe oníduúró náà lórí fóònù, kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò tó rárá. Bí gbájú-ẹ̀ bá ti tan ènìyàn gba kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí i, ọwọ́ gbájú-ẹ̀ ni àkáǹtì WhatsApp onítọ̀hún wà, òun náà ni yóò sì dáhùn pé “bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n.” Kí wọ́n béèrè ohun tí ará ọjà nìkan mọ̀: ìsọ̀ wo ló wà, ṣé àdìrẹ ẹlẹ́kọ (tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya) ló ń ṣe ni àbí oníko (tí wọ́n ń fi ìko dì), ta ló ń bá a rẹ aṣọ láró?

Ẹni tó ń ra ọjà láti Èkó tàbí òkè òkun lè má ní oníduúró. Kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò, kó sì wà ní gúrúùpù oníbàárà, níbi tí wọn kì í ti í dá owó àjọ.

Kí ẹnikẹ́ni má béèrè NIN tàbí káàdì ìdánimọ̀. Òfin ìdáàbòbò détà ti 2023 ní kí a gba kìkì ohun tí iṣẹ́ nílò, àwòrán káàdì tó bá sì bọ́ sínú fóònù ẹlòmíràn kò ṣeé gbà padà.

Oníduúró yìí kan náà ló yẹ kó kí i káàbọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ gúrúùpù kì í ṣe. Òfin gígùn ni wọ́n ń jù sí àlejò, ẹni tó lè má rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ sẹ́yìn. Kí oníduúró fi ohùn ránṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ ìyá wa fẹ́ràn láti gbọ́ ju kíkà lọ: orúkọ àlejò náà, ìsọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kó wá sọ fún un ní ìkọ̀kọ̀ ẹni tó ń gba owó àjọ àti àkáǹtì kan ṣoṣo tí wọ́n ń san án sí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àlejò kò gbọdọ̀ gbé nọ́ńbà àkáǹtì báńkì kankan sí gúrúùpù.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí Ìyá tó ti pẹ́ níbẹ̀ bá dé pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, pé fóònù òun sọnù, kí wọ́n rán ẹnìkan lọ sí ìsọ̀ wọn ná kí wọ́n tó gbà wọ́n padà.