Ọgbọ́n JAMB kì í ṣiṣẹ́ nínú Match: bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì ṣe ń rí ibi ìkọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ti kọ fọ́ọ̀mù JAMB rí mọ̀ pé kì í ṣe ibi tó wuni jù lèèyàn ń fi sí ipò kìíní. Ibi tí wọ́n á ti gbani ni. Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í wo ojú ọmọ tó bá fi wọ́n sí ipò kejì, ìdí nìyẹn tí ọmọ tí UI ń wù fi lè rọra kọ ibòmíràn, kó má baà pàdánù ibi méjèèjì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá dé Amẹ́ríkà, tó ń ka ìwé dókítà nínú sáíkọ́lọ́jì, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọgbọ́n yìí kan náà lè kó bá a. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ tó máa to orúkọ àwọn ibi ìkọ́ṣẹ́ tẹ̀ léra wọn fún ètò tí gbogbo wọn ń pè ní Match.

Ìkọ́ṣẹ́ tí à ń sọ yìí, internship ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ọdún kan gbáko ni, iṣẹ́ ojoojúmọ́ tó ń lọ sí bíi 2,000 wákàtí, lábẹ́ àwọn onímọ̀ tó ti gba ìwé àṣẹ. Àwọn díẹ̀ wà tó ń fi ọdún méjì ṣe é, ààbọ̀ ọjọ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ka PhD tàbí PsyD nínú clinical tàbí counseling psychology kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka school psychology. Ó fẹ́ jọ housejob àwọn dókítà wa nílé, àmọ́ ẹ̀yìn ìwé ẹ̀rí ni housejob ń bọ̀, èyí sì gbọ́dọ̀ parí kí ìwé ẹ̀rí tó jáde. Ìyẹn ni pé èèyàn lè kàwé fún ọdún márùn-ún, kó yege nínú gbogbo ìdánwò, kó kọ ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ tán, kó sì ṣì jókòó sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfo nítorí pé kò rí ibi tó máa kọ́ṣẹ́.

Ẹgbẹ́ tó ń darí ètò náà ni APPIC, ẹgbẹ́ àwọn ibùdó tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́: ilé ìwòsàn, ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọ́fíìsì ìmọ̀ràn inú yunifásítì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí kọ̀ǹpútà tó wọ ọ̀rọ̀ náà, tẹlifóònù ni wọ́n ń lò. Ọjọ́ Ajé kan wà nínú oṣù Kejì tí gbogbo ibùdó máa ń pe àwọn tí wọ́n fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó ti fóònù láti àárọ̀, kò ní lè jẹun, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé fọwọ́ kan fóònù. Bí ibì kan bá pè é, ó lè di àyè yẹn mú kó máa retí ibi tó wù ú jù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di méjì mú. Àwọn ibùdó náà wà nínú hílàhílo tiwọn. Bí wọ́n bá pe ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù, tónítọ̀hún sì ń fi wọ́n falẹ̀ di ọ̀sán, ẹni kejì àti ẹni kẹta lórí ìwé wọn á ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó máa tètè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni làwọn kan ń pè, kì í ṣe ẹni tó dára jù. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Alvin Roth àti Xiaolin Xing, gbé ìwádìí jáde lórí ọjà orí fóònù yìí ní 1997. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 1999, kọ̀ǹpútà ti gbapò fóònù. Ilé iṣẹ́ kan ní Toronto, National Matching Services, ló ń bá APPIC ṣe é.

Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà náà ń lò kò le rárá, bébà àti bírò lásán lèèyàn lè fi ṣe é. Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, David Gale àti Lloyd Shapley, ló kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1962, nínú àpilẹ̀kọ kan lórí bí ilé ìwé ṣe ń gbà ọmọ àti bí ìgbéyàwó ṣe lè dúró. (Shapley àti Roth gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012, Gale ti kú nígbà yẹn.) Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló wà: Bísí, Kẹ́mi àti Túndé. Ibùdó mẹ́ta ló wà: ilé ìwòsàn ọmọdé, ọ́fíìsì yunifásítì, àti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àyè kan ṣoṣo ló wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Bísí kọ ilé ìwòsàn ọmọdé ṣáájú, ó fi yunifásítì tẹ̀ lé e. Kẹ́mi kọ yunifásítì ṣáájú, ó fi ilé àwọn arúgbó tẹ̀ lé e. Túndé kọ ilé ìwòsàn ọmọdé ṣáájú, lẹ́yìn náà ilé àwọn arúgbó. Àwọn ibùdó náà ti kọ tiwọn: ilé ìwòsàn ọmọdé fẹ́ Túndé ju Bísí lọ, yunifásítì fẹ́ Bísí ju Kẹ́mi lọ, ilé àwọn arúgbó fẹ́ Kẹ́mi ju Túndé lọ.

Kọ̀ǹpútà á mú Bísí lọ sí ilé ìwòsàn ọmọdé. Àyè ṣófo, wọ́n ní kó dúró ná. Ó mú Kẹ́mi lọ sí yunifásítì, wọ́n ní kó dúró ná. Ó wá mú Túndé lọ sí ilé ìwòsàn ọmọdé. Wọ́n fẹ́ ẹ ju Bísí lọ, wọ́n bá ní kí Bísí máa lọ. Bísí gba yunifásítì tó kọ ṣe ìkejì lọ. Kẹ́mi ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Bísí ni wọ́n fẹ́ jù, Kẹ́mi náà bá dìde. Ó forí lé ilé àwọn arúgbó, wọ́n sì gbà á. Kò sí ẹni tó tún ń rìn kiri mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú "dúró ná" yẹn: ibùdó kankan kì í gbà ọmọ pátápátá títí gbogbo ìrìn náà á fi dópin.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bísí. Ó kọ́kọ́ dán ibi tó wù ú wò, wọ́n lé e, síbẹ̀ nígbà tó dé yunifásítì, ẹnikẹ́ni kò bi í pé, "Ṣé ipò kejì lo fi wá sí?" Ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ló dìde fún un. Ibi tí Match ti yàtọ̀ sí JAMB nìyí. Bí Bísí bá fi ìbẹ̀rù kọ yunifásítì sí ipò kìíní, kò ní jèrè nǹkan kan, á kàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa àǹfààní tó lè ní ní ilé ìwòsàn ọmọdé rẹ́ ni. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ ni ohun tó wà lọ́kàn ẹni gan-an, láti orí ibi tó wuni jù dé orí èyí téèyàn ṣì lè fara mọ́. Ṣíṣírò bóyá wọ́n fẹ́ràn wa kò wúlò fún ohunkóhun níbẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Kò dà bíi NYSC tó lè gbé ọmọ Abẹ́òkúta lọ sí ìpínlẹ̀ tí kò kọ. Match kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ síbi tí kò sí lórí ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wà níbẹ̀, tó sì bọ́ sí i, kò sí pé mo ti yí ọkàn padà, torí àdéhùn ni fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ibùdó. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò lè kó lọ sí ìlú kan, kó má kọ ọ́ rárá, ì báà jẹ́ ní ipò ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tọkọtaya tí àwọn méjèèjì wà nínú ètò náà lè to ìwé wọn pọ̀ ní méjì méjì, kí kọ̀ǹpútà má baà pín wọn sí ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Títí èsì fi máa jáde, òfin kan wà tó ń ya àwọn ọmọ wa lẹ́nu: ibùdó kò gbọdọ̀ béèrè ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ fi òun sí, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì gbọdọ̀ sọ. Kódà, lẹ́tà ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó bá ní "ọ̀dọ̀ yín ni mo fi sí ipò kìíní" nínú ti rú òfin. Ẹni tí wọ́n tọ́ láti máa kí àgbà dáadáa, kó dúpẹ́, kó sì dákẹ́.

Gbogbo èyí jẹ́ ti oṣù Kejì. Iṣẹ́ tó le ti ṣẹlẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní AAPI ló ń gba àròkọ, ìwé èsì ilé ìwé, ìwé ìjẹ́rìí àwọn alábòójútó, àti lẹ́tà tó yàtọ̀ fún ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tó ń mójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka ẹni tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ lọmọ yìí ti tó lọ. Ìforúkọsílẹ̀ fún Match fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀, owó rẹ̀ náà sì wà lọ́tọ̀. Kò yẹ kẹ́nì kan rò pé bí òun bá ti kọ AAPI, òun ti wọ inú Match nìyẹn.

Wákàtí ló ń da èèyàn láàmú jù nínú AAPI. Wọn kì í béèrè iye ọdún téèyàn fi ṣe practicum, iṣẹ́ àṣekọ́ tó máa ń ṣáájú internship. Iye wákàtí tó fi jókòó pẹ̀lú aláìsàn ni wọ́n ń béèrè, kí ó sì yà á sọ́tọ̀: ti ìtọ́jú, ti àyẹ̀wò, ti àgbàlagbà, ti ọmọdé, ti ẹgbẹ́, ti ìdílé. Wákàtí tí alábòójútó fi bá a jókòó wà lọ́tọ̀, iye ìròyìn àyẹ̀wò kíkún tó ti kọ wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń kọ tiẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bó tiẹ̀ jẹ́ inú Excel lásán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kẹsàn-án á máa yẹ kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta wò lóru, á máa rántí bóyá ọ̀sẹ̀ tí òjò dídì ti ilé ìwé pa ni obìnrin yẹn kò wá. Alábòójútó tó yẹ kó fọwọ́ sí i sì lè ti kó kúrò ní ìlú.

Ibùdó mélòó ni kéèyàn kọ̀wé sí? APPIC fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tó bá ju bíi 15 lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe àǹfààní. Owó tiẹ̀ ń gun orí owó bó ṣe ń pọ̀ sí i. Lẹ́tà 15 tí ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tí ibùdó náà ń ṣe sàn ju 30 tó jẹ́ pé orúkọ ilé ìwòsàn nìkan ló yí padà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ka lẹ́tà náà ti ka ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀, ó ń gbóòórùn ẹ̀dà.

Fún ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní F-1, ìṣirò míì tún wà. Ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí VA, ní àyè púpọ̀, owó wọn sì dára, ṣùgbọ́n ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ti gba ìwé ọmọ ìlú nìkan ni wọ́n ń gbà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ F-1 ti yọ wọ́n kúrò lórí ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fi owó ṣòfò. Ibùdó tí kò sọ̀rọ̀ físà lórí ìkànnì wọn, kí ó bi wọ́n kó tó kọ̀wé.

Àṣẹ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣe internship ni CPT, nítorí pé ìkọ́ṣẹ́ náà jẹ́ ara ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi CPT ṣe iṣẹ́ ọjọ́ gbáko fún oṣù 12 ti pàdánù OPT ní ìpele ẹ̀kọ́ yẹn, OPT sì ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí láti kó àwọn wákàtí tó kù kí ìpínlẹ̀ tó fún wọn ní ìwé àṣẹ. Internship sì jẹ́ ọdún kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ọ̀rẹ́ jíròrò lórí WhatsApp. Iwájú òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé ìwé ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa ń wáyé ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, orí fídíò sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ láti ìgbà kòrónà. Ìwé ìtò máa ń wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, èsì á sì tẹ̀ lé e nínú oṣù náà. Ẹni tí kò bá rí ibì kankan á gbọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ímeèlì kan náà, á sì wọ ìpele kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011: àwọn àyè tó ṣẹ́ kù á jáde, wọ́n á tún kọ̀wé, wọ́n á tún fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, kọ̀ǹpútà á tún ṣiṣẹ́ ní oṣù Kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, àkójọ àyè tó kù máa ń wà tí ibùdó àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bá ara wọn dúnàádúrà láìsí kọ̀ǹpútà. Nígbà kan, ìpele kejì yìí kún fún omijé, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju àyè lọ. Ní 2012, APA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà, ya nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là sọ́tọ̀ láti ran àwọn ibùdó lọ́wọ́ kí wọ́n lè gba ìfọwọ́sí. Àyè ti pọ̀ sí i lẹ́yìn náà, ìdíje kò sì gbóná bíi ti ìgbà yẹn mọ́.

Ẹni tó bá rí àyè á máa retí lẹ́tà. Láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn èsì, ibùdó gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí i: ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, iye owó. Ẹlòmíràn á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀ nílé. Ọmọ F-1 á tẹ̀ ẹ́ jáde, á gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, nítorí ọjọ́ méjèèjì tó wà lórí ìwé yẹn ni wọ́n á fi ṣírò CPT rẹ̀.