Ìdánwò tó ń bi Poisson léèrè ọ̀rọ̀

Iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kó máa gbé fóònù ní báǹkì dúró lórí nǹkan méjì: bí ìpè ṣe ń wọlé, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó dá oníbàárà lóhùn tán. Ní 1909, A. K. Erlang ti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen fi hàn pé ìlànà Poisson (ìlànà ìṣirò fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, tí ọ̀kan kò dúró de èkejì) bá bí ìpè ṣe ń wọlé mu. Ní ti àkókò ìdálóhùn, exponential ni ọ̀pọ̀ ń mú (ìlànà tó ní ìpè kúkúrú ló pọ̀ jù, tí àwọn tó gùn sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀), torí ó mú ìṣirò rọrùn. Bóyá irú ìlànà bẹ́ẹ̀ bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu ni ìdánwò wà fún.

Nínú àwọn ìdánwò bẹ́ẹ̀, chi-square, tí Karl Pearson gbé jáde ní 1900, ló gbajúmọ̀ jù. Ká ní a ṣọ́ ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, tí ìpè sì jẹ́ méjì ní ìṣẹ́jú kan ní ìpíndọ́gba. Poisson á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 13.5 ni fóònù kò ní dún rárá, 27 ni yóò dún lẹ́ẹ̀kan, 27 lẹ́ẹ̀mejì, 18 lẹ́ẹ̀mẹta, 9 lẹ́ẹ̀mẹrin, bíi 5 tó kù sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, a ó wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí a rí àti ohun tí a retí, a ó fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, a ó fi iye tí a retí pín in, ká tó ro gbogbo wọn pọ̀. Bí àpapọ̀ bá ju 9.49 lọ, ààlà tó ṣọ̀wọ́n kó kọjá bí Poisson bá jẹ́ òótọ́, a ó kọ Poisson, ìyẹn ni pé a ó ní kò bá a mu.

Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ibí ni wọ́n ti ń ṣì í gbọ́, ó sì ń dunni. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ó ti dájú, Poisson ni. Rárá o! Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ kì í mú ẹja wẹ́wẹ́. Pé ó jáde lófìfo kò sọ pé ẹja ò sí lódò. Àkọsílẹ̀ wákàtí kan péré, àwọ̀n olójú ńlá ni. Ti ọdún kan gbáko, ojú rẹ̀ há débi pé ewé àti pàǹtí á há sí i: ìyàtọ̀ tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára lórí ìlà á mú kí ìdánwò kọ ìlànà tó wúlò.

Àwọn onímọ̀ kan tú ìpè báǹkì kan ní Ísírẹ́lì lọ́dún 1999 wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Wọn kò da òwúrọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀sán, torí bí ìpè ṣe ń ya wọlé láàárọ̀ kọ́ ló ń ṣe nírọ̀lẹ́. Wọ́n gé ọjọ́ sí wẹ́wẹ́, Kolmogorov-Smirnov, irú ìdánwò mìíràn, kò sì rí ìdí láti kọ Poisson. Àkókò ìdálóhùn ló yani lẹ́nu: ìpè tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá pọ̀ jù. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń já fóònù mọ́ oníbàárà létí kí wọ́n lè sinmi díẹ̀! Àwòrán bí àkókò náà ṣe tò ló tú àṣírí yìí. Èèyàn ìbá wo nọ́ńbà ìdánwò títí, kò ní rí i níbẹ̀. Báǹkì náà ṣàtúnṣe kí ọdún tó parí. Ìpè oṣù kọkànlá àti ìkejìlá ni lognormal wá bá mu rẹ́gí (ìlànà tó ní ìpè tó kúrú gan-an kò pọ̀, àmọ́ tí díẹ̀ gùn gan-an), kì í ṣe exponential.