Ta ló ń bá ìjọba ná owó oṣù? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìdúnàádúrà òṣìṣẹ́ ìjọba

Láti ìgbà tí ìròyìn ti dé pé Ààrẹ Trump gba ẹ̀tọ́ ìdúnàádúrà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń da ìbéèrè bò mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwọn kan ní ọmọ lọ́hùn-ún. Àwọn mìíràn jẹ́ tíṣà, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ l'Amẹ́ríkà kì í pẹ́ dé Ìbàdàn. Mo kó ìbéèrè yín jọ, mo sì dáhùn èyí tí agbára mi ká.

Kí ni Trump ṣe gan-an?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2025, ó buwọ́ lu àṣẹ kan tó yọ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kúrò lábẹ́ òfin tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa ti ọwọ́ ẹgbẹ́ wọn bá ìjọba ṣàdéhùn. Òfin ọdún 1978 ló gbá mú: ó ní ààrẹ lè yọ ilé iṣẹ́ tó bá jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Trump wá ní ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tó ti jagun rí náà jẹ mọ́ ààbò. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ilé iṣẹ́ yẹn fagi lé àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ti àwọn nọ́ọ̀sì wà lára wọn. Àwọn ẹgbẹ́ gba kóòtù lọ.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn ilé iṣẹ́ yẹn. Ṣé wọ́n á gé owó oṣù rẹ̀ ni?

Àṣẹ yìí kọ́ ló máa gé e, ìyá. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu nìyí: ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́hùn-ún kì í bá ìjọba ná owó oṣù rárá, òfin ló ń sọ iye tí wọ́n máa gbà. Ohun tí wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí ni àkókò iṣẹ́, ìsinmi, ìgbéga, ìgbésẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀lé kí wọ́n tó jẹ òṣìṣẹ́ níyà, àti ẹni tó máa dúró tì í bí wọ́n bá fún un ní kúẹ́rì. Ẹni tó máa dúró tì í yẹn ni ọmọ yín lè pàdánù.

Wọn kì í sì í daṣẹ́ sílẹ̀. Òfin kọ̀ ọ́ fún wọn. Lọ́dún 1981, àwọn tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ dán an wò, Ààrẹ Reagan sì lé àwọn tó lé ní 11,000 lọ sílé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ní ohun gbogbo tí tiwa ò ní.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba fi yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ aládàáni?

Ìjà ọjọ́ pípẹ́ ni, ẹjọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Bí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni bá béèrè ju agbára ọ̀gá lọ, ilé iṣẹ́ lè kógbá wọlé, ìyẹn sì ń kó gbogbo wọn níjàánu. Ìjọba kì í kógbá wọlé. Owó tí gómìnà fi ń dúnàádúrà kì í ṣe tirẹ̀. Owó ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Jagùn wà nínú rẹ̀, ìyá náà ò sì sí nínú ìpàdé. Ààrẹ Franklin Roosevelt, tí òṣìṣẹ́ fẹ́ràn bí ẹyin ojú, kọ lẹ́tà lọ́dún 1937 pé ìdúnàádúrà bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ aládàáni kò ṣe é gbé wọ iṣẹ́ ìjọba, torí pé gbogbo ará ìlú lọ̀gá. Ọdún 1962 ni Ààrẹ Kennedy ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn díẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀.

Lọ́dún 2011 ní ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà, Gómìnà Scott Walker mú òfin Act 10 wá. Lábẹ́ òfin yìí, owó oṣù nìkan ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lè máa ná, àfikún rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju bí ọjà ṣe gbówó lórí lọ, àfi bí àwọn olùdìbò bá fọwọ́ sí i. Àwọn èèyàn kún ilé aṣòfin Madison fọ́fọ́, wọ́n sùn síbẹ̀. Òfin náà yọ ọlọ́pàá àti panápaná sílẹ̀. Ẹ ò rí ọgbọ́n.

Ohun tí ẹ̀gbẹ́ kejì ń sọ rèé: ọ̀gá tó ni àpò owó, tó ni ọlọ́pàá, tó tún ń ṣòfin, báwo ni tíṣà kan ṣoṣo ṣe máa dá dìde bá a sọ̀rọ̀? Èmi gbà pé ìyá aláta ní ẹjọ́ tó mọ́gbọ́n wá. Àmọ́ n kò tíì rí ibi tí ìjọba ti gba owó lẹ́nu òṣìṣẹ́, tó sì wá gbé e fún ìyá aláta.

Ní Nàìjíríà ńkọ́?

Ẹ̀tọ́ náà wà. Abala 40 ìwé òfin ilẹ̀ wa gbà kí èèyàn dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ 16, Nàìjíríà buwọ́ lu àdéhùn àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé lórí ìdúnàádúrà. Amẹ́ríkà ò tíì buwọ́ lù ú títí dòní.

Ta ni kò ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀?

Sójà, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n, wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n, òṣìṣẹ́ báńkì àpapọ̀ àti ti ibi tí wọ́n ti ń tẹ owó.

Ṣé gómìnà lè ṣe bíi ti Trump?

Rárá. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ wọn wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Gómìnà kankan ò lè fagi lé ẹ̀tọ́ yín. Ó ṣáà lè máà wá sípàdé.

Bí wọ́n bá ti buwọ́ lu àdéhùn, ṣé ó ti di òfin nìyẹn?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ó pẹ́ tí àwọn adájọ́ wa ti ń sọ pé àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ àti ọ̀gá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lásán. Bí o bá mú un ṣẹ, o ṣeun. Bí o kò bá mú un ṣẹ, kóòtù ò lè fipá mú ọ, àyàfi bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ti wọ inú lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe ìwé òfin tó wáyé lọ́dún 2011 ló fún kóòtù òṣìṣẹ́, National Industrial Court, lágbára láti túmọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kí ó sì lò ó. Ìyẹn ti tún nǹkan ṣe díẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ bá ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ṣe lọ́dún 2009. Ìjà lórí rẹ̀ ń da iṣẹ́ rú títí di 2022, nígbà tí wọ́n ti yunifásítì pa láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá.

Mo rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan rí lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kan níbí. Ojú ewé mẹ́rin ni, ẹ̀dà tí wọ́n ti ya títí tí lẹ́tà fi ń parẹ́, ìbuwọ́lùwé mẹ́sàn-án nísàlẹ̀, epo mọ́ínmọ́ín ní igun kan. Ó ní òun kì í fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, torí àwọn tó bá wọn buwọ́ lù ú ti ń sọ pé àwọn ò rí tàwọn mọ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa àti Amẹ́ríkà nìyẹn. Lọ́hùn-ún, ìwé náà lágbára débi pé ààrẹ ní láti lọ tú òfin ààbò orílẹ̀-èdè kó tó lè fà á ya. Níbí, ta ló fẹ́ da ara rẹ̀ láàmú? Wọ́n á ya fọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n bá buwọ́ lù ú, ó parí.

Ọ̀yọ́ ti ń san N80,000. Kí ló dé tí tèmi ò fi gòkè tó bẹ́ẹ̀?

Torí pé owó ẹni tó kéré jù lọ ni N80,000. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024 ní kó má ṣe dín ní N70,000. Ìpínlẹ̀ lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ọ̀yọ́ sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2025. Ọjà nínà gidi ló bí N70,000 ọ̀hún: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dá N615,000, ìjọba dá N48,000. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí N494,000, wọ́n tún já a sí N250,000, ìjọba ń fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀díẹ̀ gòkè. Ní oṣù Kẹfà àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, iná mànàmáná kú káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ti bá alásọ ná àǹkárá rí mọ ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ jù nínú àwọn méjèèjì.

Ẹni tó wà lókè ńkọ́? Òfin ò dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: bí ẹni tó ń gba N30,000 bá di olówó N80,000, tí ẹni tó ń gba N78,000 sì dúró sójú kan, ìránṣẹ́ ti ju ọ̀gá lọ nìyẹn. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbogbo àtẹ owó oṣù sókè. Consequential adjustment ni wọ́n ń pè é. Òfin ò sọ iye tí wọ́n máa fi tì í. Ìyẹn ni NLC àti TUC, àwọn àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ máa ń lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀ jókòó lé lórí ní Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni ìdúnàádúrà tòótọ́ wà. Bí ipò yín bá ṣe ga tó ni ìdá tó máa kàn yín ṣe máa kéré tó. Bí tiyín bá rú yín lójú, ẹ béèrè àtẹ tuntun lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín, kí ẹ wo ipele àti ìgbésẹ̀ yín níbẹ̀. Àláàtì báńkì ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Bí a bá daṣẹ́ sílẹ̀, ṣé wọ́n á sanwó ọjọ́ yẹn?

Òfin ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2022, iye ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ nínú oṣù Kẹwàá ni wọ́n san fún wọn. Ẹ má daṣẹ́ sílẹ̀ láìní oúnjẹ nílé.

Ṣé mo lè kúrò nínú ẹgbẹ́, kí wọ́n má yọ owó mi mọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 2005, kò sí tipátipá. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí wọ́n gbà á, kí ẹ mú ẹ̀dà kan dání.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ wo ló ń bá mi ná tèmi?

Baba, ìwé òfin ti bá yín ná an. Abala 210 ní kí ìpínlẹ̀ máa yẹ owó ìfẹ̀yìntì wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkigbà tí wọ́n bá yẹ owó oṣù wò, èyí tó bá yá jù. Ẹ dárúkọ abala náà nínú lẹ́tà yín. Akọ̀wé ọ́fíìsì máa ń jókòó dáadáa bó bá rí nọ́ńbà.

Oúnjẹ ni mò ń tà ní Under G, lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH. Kí ló kàn mí nínú gbogbo èyí?

Ó kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ méjì tó ń bá yín fọ abọ́ ò sí nínú N70,000 yẹn, torí ibi tí òṣìṣẹ́ kò tó 25 ni ti yín. Lẹ́yìn náà ni ti ọjà. Àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ Udoji, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ayé ìgbà náà: ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ìjọba sanwó ẹ̀yìn fún òṣìṣẹ́, alùpùpù kún ìgboro, kò sì pẹ́ tí ọjà fi gbówó lórí mọ́ ẹni tó gbà àti ẹni tí kò gbà.

Ìyanṣẹ́lódì ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Nígbà tí LAUTECH ṣì jẹ́ ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun papọ̀, owó oṣù tí wọn ò san tì í pa láti 2016 wọ 2017. Mo gba Under G kọjá nígbà náà: bẹ́ǹṣì lórí bẹ́ǹṣì, ìkòkò ní ìdojúdé. Obìnrin kan tó ta oúnjẹ la ìgbà yẹn kọjá sọ fún mi pé kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá ti géètì lòun ń múra. Ọjọ́ tí òun bá ti gbọ́ "a fún ìjọba ní ọjọ́ mọ́kànlélógún" lórí rédíò, ìdajì àpò ìrẹsì lòun ń rà, òun á sì gbé ìwé àwìn jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ lòun ń kọ́kọ́ sìn lówó, torí ó ń lọ wọkọ̀. Olùkọ́ lè dúró, òun mọ ilé rẹ̀.