Kí Ló Ń Jẹ Iyè Wa? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ọpọlọ fún Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ń wá ìsọ̀yè kiri. Ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ọba ń ráhùn pé òun ò rántí iye tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Oǹdó ń bẹ̀rù pé àrùn ìgbàgbé ti dé. Púpọ̀ nínú ohun tó ń jẹ iyè ni a kì í kà mọ́ ọ̀rọ̀ ọpọlọ rárá: oorun tí a fi du ara wa, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò wọ̀n, etí tí ariwo ti bà jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA: Ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń kàwé mọ́jú, àmọ́ tí mo bá wọ yàrá ìdánwò, orí mi á ṣófo. Kí ló fà á?

O gba ìdajì iṣẹ́ náà mọ́ ọpọlọ rẹ lọ́wọ́ ni. Ohun tuntun tí èèyàn kà kọ́kọ́ máa ń gbára lé apá kékeré kan nínú ọpọlọ tí à ń pè ní hippocampus. Bí oorun bá wọra, ọpọlọ á tún ohun tó gbà lọ́sàn-án sọ fún ara rẹ̀, á sì máa tò ó síbi tó máa pẹ́ sí. Ẹni tó kàwé tí kò sùn dà bí àgbẹ̀ tó ká kòkó, tó fọ́ ọ, tí kò sá a: kòkó wà nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ bu. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ti àgbàlagbà kò gbọdọ̀ dín ní 7. Bí ìdánwò rẹ bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù, kí iná ti kú.

Ọ̀nà tí o gbà ń kàwé náà wà níbẹ̀. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń dán ara rẹ̀ wò. Àbájáde tó tẹ̀ jáde ní 1885 ni pé lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lọ. Ohun tó ń dá a dúró ni kí o máa fa ọ̀rọ̀ náà jáde láti inú, kì í ṣe kí o máa tún un dà sínú. Ka ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta. Pa ìwé dé. Mú bébà òfìfo, kọ gbogbo ohun tí o rántí. Ṣí ìwé, kí o fi bírò pupa kọ èyí tó fò ọ́ kún un. Tún un ṣe lọ́la, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti há díẹ̀, wọ́n á sáré ṣí ìwé. Má ṣí i. Ìjàkadì yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà.

Mo mọ̀ pé títún ìwé kà dùn jù. Ó sì ń tan èèyàn. Ní Amẹ́ríkà ní 2006, àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, dán méjèèjì wò: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún ìwé kà ló rántí jù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ti pa ìwé dé tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí ló borí wọn. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ló jọ ìdánwò tìrẹ.

Obì tàbí kọfí ńkọ́? Àti oògùn ọpọlọ tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì?

Kaféènì ló wà nínú obì àti kọfí. Ó ń dí etí ọpọlọ kó má gbọ́ pé ó ti rẹ ara. Kò mú àárẹ̀ náà kúrò. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà obì aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ṣì ń bá ọ jà ní aago mọ́kànlá òru. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, fi í sílẹ̀. Ní ti oògùn inú bọ́ọ̀sì, ẹni tí fítámì kò wọ́n lára rẹ̀ kò ní torí fítámì rántí ìwé. Èyí tó sì jẹ́ oògùn ìrora tí wọ́n ń lò láti fi gbé oorun lọ, bíi tramadol, lè fa gìrì, ó sì ń di bárakú. Má fọwọ́ kàn án.

Oníṣòwò, ẹni ọdún 48: Mo ń gbàgbé iye tí oníbàárà san lójú ẹsẹ̀. Ṣé ọpọlọ mi ti ń bàjẹ́ ni?

Màmá, ohun tí ọkàn kò sí níbẹ̀ nígbà tó wọlé, iyè kì í tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá ń gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ẹ ń dá ẹnì kejì lóhùn, tí fóònù sì ń dún, owó náà kò wọ iyè rárá débi tí ẹ ó fi gbàgbé rẹ̀. Ẹ pe iye náà sókè kí ẹ tó jù ú sí àpò: “Ẹgbẹ̀rún méjì lẹ fún mi.” Ẹ kọ àwìn sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ orí yín, ohun tó ká wa lára jù ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ kò wúwo ju nǹkan bíi kílò kan àti àbọ̀ lọ, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà tó bá ń sinmi ló ń jẹ. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ló ń gbé e lọ fún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru á máa na òpó wọ̀nyí, á máa mú wọn le, àwọn kan á dí pátápátá láìsí ìrora kankan. Ọdún púpọ̀ ni á fi ṣe é kí ẹ tó mọ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa, torí ìwọ̀n tí kò dáa ń ṣini lọ́nà. Ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Ara apá gan-an ni kí wọ́n so ó mọ́, kì í ṣe orí bùbá. Ẹ má sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Bí wọ́n bá sì fún yín lóògùn, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara yá: oògùn náà ló mú kí ó yá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ òòjọ́ má pé gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí kékeré kan tí a fi ń po tíì. Màgí náà ní iyọ̀ púpọ̀, nítorí náà ọbẹ̀ tó ti gba màgí mẹ́ta kò tún fẹ́ iyọ̀ mọ́.

Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì: Ṣebí ìgbàgbé jẹ́ ara ọjọ́ ogbó?

Kíkọ́ nǹkan díẹ̀díẹ̀ jẹ́ ara rẹ̀, sà. Kí orúkọ pẹ́ kó tó wá sẹ́nu náà kì í ṣe àrùn. Èyí tó yẹ kó kó yín láyà sókè ni kí èèyàn sọnù lójú ọ̀nà tó ti ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́, kó má mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ wà fún, kó bi ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín wákàtí kan.

Àwọn tiwa gan-an ti jẹ́rìí pé ọjọ́ orí nìkan kọ́. Àwọn olùwádìí tọ àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkan, n'Íbàdàn, lẹ́yìn fún ọdún mélòó kan, wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Ní 2001 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé láàárín àwọn tó ti pé 65, ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń mú tuntun lọ́dún ní Ìbàdàn jẹ́ 1.35 nínú 100, ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ní 2024, ìgbìmọ̀ onímọ̀ ti ìwé ìṣègùn The Lancet ka ohun 14 tí a lè ṣàtúnṣe sí, wọ́n sì ní bí a bá kápá gbogbo wọn, 45 nínú 100 àrùn ìgbàgbé lágbàáyé la lè dènà tàbí sún síwájú. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá, ọtí àmujù àti dídá wà wà níbẹ̀. Etí dídi náà wà níbẹ̀, a kì í sì í fiyè sí i. Ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa á yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìpàdé, nínú ayò, nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ọpọlọ rẹ̀ á máa jókòó lásán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí yín wò kí ẹ tó sọ pé orí ni.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò lọ bá dókítà pẹ̀lú. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ń kunni lóorun, tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń sùn, ń da iyè rú.

Eré ìdárayá ńkọ́? Ṣé ó dìgbà tí mo bá gun òkè Ìdànrè?

Rárá o. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ tó: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún. Ẹ rìn débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò lè kọrin. Láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàká lẹ́sẹ̀ dáa ju jíjókòó sórí ọ̀kadà lọ. Bí ẹ bá sì máa gun ọ̀kadà, ẹ dé akoto, kí ẹ so okùn rẹ̀. Akoto tí a kò so á fò kí orí tó kanlẹ̀.

Oúnjẹ wo ló dára fún ọpọlọ?

Ẹja títù àti ẹja sáwà, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, èso. Ògógóró kò sí níbẹ̀.

Kí ni kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la?

Ojú tó wọ́ sápá kan, apá tó kú lójijì, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, tàbí àgbà tí orí rẹ̀ dàrú láàárín ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀ (stroke) ni, tó sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí òpó, oògùn tó ń yọ́ ọ ní gbèdéke: wákàtí mẹ́rin àbọ̀ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún un ní omi, epo tàbí àgbo, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú orí. Kí ẹnì kan kọ àkókò tí ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá sórí bébà, nítorí ìyẹn ni dókítà máa kọ́kọ́ bi yín.