Ẹrù orí ìyẹ́: nọ́ńbà kékeré tó ń pinnu bí páráṣúùtù ṣe máa balẹ̀

Bí ẹ bá bi ẹni tí kò fò láti inú bàálù rí pé kí ló ń bà á lẹ́rù nínú eré náà, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Bí páráṣúùtù bá kọ̀ tí kò ṣí ńkọ́?" Ẹ̀rù yẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ti àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń tún sọ. Ẹni tó ń kó wọn láyà sókè ni ẹni tí páráṣúùtù rẹ̀ ṣí dáadáa, tí aṣọ rẹ̀ kò ya, tí okùn rẹ̀ kò lọ́, tó sì tún fi ara gbá ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ikú tó ń ṣẹlẹ̀ nínú eré yìí lóde òní, abẹ́ páráṣúùtù tí kò ní àbùkù kankan ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Nọ́ńbà kan wà tó ń ṣàlàyé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wing loading ni àwọn tó ń fò ń pè é. Èmi á máa pè é ní ẹrù orí ìyẹ́, torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: bí ìwúwo tí ìyẹ́ náà ń gbé ṣe pọ̀ tó, tí a bá fi wé bí ìyẹ́ náà ṣe fẹ̀ tó.

Ṣé ìyẹ́ wá ni páráṣúùtù ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó rí roboto bí agboòrùn, tí àwọn ọmọ ogun ayé àtijọ́ máa ń lò, kì í fò. Ńṣe ló kàn ń dá afẹ́fẹ́ dúró kí ẹni tó so mọ́ ọn lè rọra já bọ́. Èyí tí wọ́n ń lò fún eré báyìí yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1960 ni Domina Jalbert gbé e jáde: aṣọ onípele méjì tí wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá-yàrá, tí wọ́n sì la ẹnu yàrá náà sílẹ̀ níwájú. Afẹ́fẹ́ á gba ẹnu yẹn wọlé, aṣọ á wú, á sì mú ìrísí apá bàálù. Láti ìgbà náà lọ, kò dúró sójú kan mọ́. Iwájú ló ń lọ, sísáré tó ń sáré lọ síwájú yẹn ló sì fi ń gbé èèyàn ró. Bí ìyẹ́ bá ṣe kéré sí lórí ẹrù kan náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ní láti sáré tó kó tó lè gbé e.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú gbogbo ohun tó máa bá yín jáde nínú bàálù: aṣọ, bàtà, àṣíborí, àpò ẹ̀yìn àti páráṣúùtù méjèèjì tó wà nínú rẹ̀, ti àkọ́kọ́ àti ti ìpamọ́. Páùn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, torí òun ni wọ́n ń lò nídìí iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páráṣúùtù. Bí aṣọ náà ṣe fẹ̀ tó nìyẹn, tí a bá kà á ní ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn pín ìwúwo yín.

Ká ní ara ẹnì kan jẹ́ páùn 160, ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ páùn 30. Ó di 190. Bí wọ́n bá kó aṣọ 260 fún un, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lò, ẹrù orí ìyẹ́ rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 0.73. Bó bá lo 190, ó di 1.0 géérégé. Bó bá lo 135, ó di 1.4. Èèyàn kan náà ni o, bàtà kan náà ló wọ̀. (Àwọn kan máa ń fi ìwúwo tí wọ́n rí láàárọ̀ kùtù, nígbà tí wọn ò tíì wọṣọ, tí wọn ò tíì jẹun, ṣe ìṣirò yìí. Ara wọn ni wọ́n ń tàn.)

Bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń ga ni ìyẹ́ ṣe ń sáré. Tí ẹrù bá di ìlọ́po méjì lórí irú aṣọ kan náà, eré rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 41 nínú 100 lé. Ẹlòmíràn á ní ìyẹn kò pọ̀ jù. Àmọ́ agbára tí ara fi ń gbá ilẹ̀ kì í pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀. Òun ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí eré bá fi ìdá 41 lé, agbára yẹn ti di ìlọ́po méjì pátápátá, ọrùn ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló sì máa gbà á.

Eré nìkan kọ́ ló ń pọ̀. Ìyẹ́ tí ẹrù rẹ̀ wúwo kì í fara da àṣìṣe. Bí ẹ bá fa okùn ìdarí ọwọ́ kan díẹ̀, ó ti yí. Bó bá sì ti ń yí, ńṣe ló ń korí bọlẹ̀, á sì pàdánù ọ̀pọ̀ òkè kó tó tún padà wá dúró tọ́ lókè orí ẹni tó gbé.

Ibí yìí gan-an ni ìjàǹbá ń gbà wọlé. Ẹ fojú inú wo ẹnì kan tó ti ń bọ̀ wálẹ̀, tó ku nǹkan bí ilé alájà mẹ́ta kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ilẹ̀ tó ń wò tẹ́jú. Lójijì ló rí i pé ọgbà wáyà kan wà níwájú òun. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ ọ̀tún ti fa okùn wálẹ̀ dé ìbàdí. Ìyẹ́ náà dojú kọ ẹ̀gbẹ́, ara rẹ̀ sì fì jáde bí òkúta tí wọ́n so mọ́ okùn tí wọ́n ń fì. Lójú ara rẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wáyà. Bó bá jẹ́ aṣọ 260 ló gbé e, ó ṣeé ṣe kó fi orúnkún họ ilẹ̀, kó dìde, kó máa gbọn eruku. Aṣọ 135 kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ á ti dé kí ìyẹ́ tó padà sókè orí rẹ̀, eré tí ìyẹ́ náà fi ń korí bọlẹ̀ ló sì máa fi gbá a. Ẹni tó bá yẹ páráṣúùtù náà wò lẹ́yìn náà kò ní rí ohunkóhun tó bà jẹ́ lára rẹ̀.

Nítorí èyí ni wọ́n fi ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún akẹ́kọ̀ọ́: àkọ́kọ́, jẹ́ kí ìyẹ́ tẹ́jú, kó sì máa lọ tààrà, ìkejì, wá ibi tí kò sí nǹkan ìdíwọ́, ìkẹta, fa okùn ìdarí méjèèjì wálẹ̀ pọ̀ kí ìyẹ́ lè dẹwọ́ eré kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, ìkẹrin, pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí o sì yí gbiri. Ẹ kíyè sí i pé kíkọjú sí afẹ́fẹ́ kò tilẹ̀ sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá balẹ̀ ní ìdàkejì, tí afẹ́fẹ́ ń tì í lẹ́yìn, lè fi àyà họ koríko títí dé ibi tó lọ, ojú á sì tì í díẹ̀. Ó ṣì sàn ju kó yí nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́ lọ. Bó bá sì di dandan kéèyàn yà kúrò lọ́nà, ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń ṣe é láìjẹ́ kí ìyẹ́ korí bọlẹ̀: ẹ fa okùn méjèèjì wálẹ̀ díẹ̀ ná, kí ẹ wá dẹ ọ̀kan sókè. Òkè gíga ni wọ́n ti ń fi èyí dánra wò, léraléra, títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n ṣe láìjẹ́ pé orí ń sọ fún un.

Nọ́ńbà kan náà kì í sọ ohun kan náà fún gbogbo èèyàn, èyí sì wà lára ohun tí àwọn tó ń ta páráṣúùtù àlòkù kì í ráyè sọ. Ọkùnrin gìrìwò kan lè wà lábẹ́ aṣọ 220 kí ẹrù orí ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1.0. Obìnrin tínínrín kan lè wà lábẹ́ 120 kí tirẹ̀ náà jẹ́ 1.0. Wọn ò jọra rárá. Okùn aṣọ kékeré kúrú ju ti ńlá lọ, ara tó so mọ́ ọn sì ń fì yára, torí náà ti obìnrin yìí á máa yí kíákíá ju ti ọkùnrin yẹn lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má fi nọ́ńbà ẹni tó wúwo wọn ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà tún ní tirẹ̀: níbi tó bá gbóná, tàbí lórí ilẹ̀ òkè, afẹ́fẹ́ kì í ki, ìyẹ́ á sì sáré bí ẹni pé wọ́n ti yọ́ ẹrù lé e lórí.

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti aṣọ ńlá sí kékeré, nígbà náà? Ìlànà kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń díwọ̀n ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ má kọjá 1.0, kó sì máa fi 0.1 lé e fún ìgbà 100 tó bá fò. Èmi fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òkè àjà ni mo kà á sí, mi ò kà á sí àtẹ̀gùn tó di dandan kéèyàn gùn. Ìwọ̀n kan ni kí ẹ máa fi dín in, kó má ṣe méjì. Ẹni tí kò bá sì tíì lè balẹ̀ síbi tó nawọ́ sí lábẹ́ aṣọ tó ní lọ́wọ́, kí ló fẹ́ fi èyí tó yára jù ú lọ ṣe?

Wíńgsúùtù, aṣọ abìyẹ́, yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀. Aṣọ tó so apá mọ́ ìhà ni, tó sì so ẹsẹ̀ kan mọ́ ìkejì. Afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì di ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó dojú bolẹ̀ láìwọ̀ ọ́ ń já bọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 190 láàárín wákàtí kan. Pẹ̀lú wíńgsúùtù, jíjábọ̀ yẹn lè dín kù dé ìdajì, kéèyàn sì máa fi èyí tó kù fò síwájú. Ní Amẹ́ríkà, USPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò láti inú bàálù níbẹ̀, ní ẹni tí kò bá tíì fò tó ìgbà 200 kò gbọdọ̀ gbé e wọ̀, ìdí tó sì wà níbẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí à ń sọ. Lẹ́yìn ẹni tó ń fò pẹ̀lú wíńgsúùtù, ibì kan wà tí afẹ́fẹ́ ti kú. Ibẹ̀ ni páráṣúùtù kékeré tó ń fa ńlá jáde gbọ́dọ̀ là kọjá, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń so ó mọ́ okùn gígùn. Bí èjìká kan bá ga ju èkejì lọ lásìkò yẹn, páráṣúùtù á ṣí láìdọ́gba, okùn á sì lọ́ mọ́ra. Bí ẹrù orí ìyẹ́ bá kéré, ẹ lè fara balẹ̀ máa fẹsẹ̀ ta á títí á fi tú. Bó bá wúwo, aṣọ náà á máa pòòyì, á sì máa jẹ òkè tó kù. Bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ wíńgsúùtù, ọwọ́ ṣì wà nínú aṣọ. Ẹ gbọ́dọ̀ fa síìpù kó tó ráyè gòkè dáadáa. Òun ló jẹ́ kí wọ́n máa yan páráṣúùtù oníyàrá méje tó fẹ̀, tí kì í bínú.

Ibi tó dà bí àdìtú nìyí: ní ti páráṣúùtù, èyí tó kéré jù ló léwu fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ní ti wíńgsúùtù, èyí tó tóbi ni. Aṣọ ńlá máa ń lágbára ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ, ó lè gbé e pòòyì lójú òfurufú, ìyẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀ sì lè bo ibi tí wọ́n ti ń fa páráṣúùtù mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ, kékeré ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ku páráṣúùtù ìpamọ́, èyí tí wọ́n dì sílẹ̀ fún ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá kọṣẹ́. Àwọn tó bá ra àpò ẹ̀yìn pẹlẹbẹ torí pé ó wù wọ́n máa ń bá a ra ìpamọ́ kékeré, torí òun ló wọ inú rẹ̀. Ìpamọ́ náà ní ẹrù orí ìyẹ́ tirẹ̀, ó sì ní ìwúwo tí kò gbọdọ̀ kọjá. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà nínú àpò tó ń ṣí i fúnra rẹ̀ bí ẹni tó gbé e bá ti dákú, tó sì ń já bọ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa darí ìyẹ́, kò sì sí ọwọ́ tó máa fa okùn méjèèjì wálẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Bí aṣọ yẹn bá ṣe fẹ̀ tó nìkan ló máa sọ bó ṣe máa balẹ̀.