Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Ìkànnì Yín?

Ẹjọ́ méjì ni àwọn oníṣẹ́ àdáṣe sábà máa ń gbé wá bá àwa tí à ń kọ́ ìkànnì. Wọ́n á ní, "Ìkànnì mi ti dàwátì, ẹ bá mi gbà á padà," tàbí kí wọ́n ní, "Mo ní ìkànnì, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń tibẹ̀ pè mí síṣẹ́." Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, orí àwọ̀ àti ìrísí lẹ́tà ni wọ́n lo gbogbo àsìkò wọn sí. Ẹ mú àwòṣe èyíkéyìí tó hàn ketekete lójú fóònù, ká kọjá síbi tí ọ̀ràn wà.

Orúkọ ìkànnì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní domain, kì í ṣe ohun téèyàn ń rà kó di tẹni títí ayé. Ńṣe lẹ ń forúkọ sílẹ̀ fún un, ọdún 1 ó kéré tán, ọdún 10 ó pọ̀ jù bó bá jẹ́ .com, tí ẹ ó sì máa sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹni tí wọ́n kọ síbi tó jẹ́ ti "registrant" ni ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ sílẹ̀ mọ̀ sí oní-nǹkan. Wọn ò ní wo àwòrán ta ló wà lójú ìwé. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí ẹni tó ń kọ́ ìkànnì "bá yín ṣe gbogbo ẹ̀ pa pọ̀", tó wá fi orúkọ àti ímeèlì tirẹ̀ ṣe é, ẹ ti gbé orúkọ yín lé e lọ́wọ́. Ó lè máà ní èrò ibi lọ́kàn rárá. Ó kàn lè gbàgbé, tàbí kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, orúkọ á sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ fọwọ́ ara yín ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ sílẹ̀. Ímeèlì tí ẹ máa fi ṣí i kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń lo orúkọ ìkànnì yẹn gan-an, torí lọ́jọ́ tí orúkọ náà bá kú, ímeèlì kú nìyẹn, ìkìlọ̀ àti líǹkì password tuntun ò ní rí yín mọ́. Wọ́n á fi líǹkì ìfìdímúlẹ̀ ránṣẹ́. Bí ọjọ́ 15 bá kọjá tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, wọ́n lè dá ìkànnì dúró, ẹ ó sì máa bú ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ tan auto-renew, èyí tó ń jẹ́ kí orúkọ máa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, kí ẹ sì rí i pé káàdì tó wà níbẹ̀ kò tíì kọjá àsìkò. Ẹ tan ìdánimọ̀ onígbèésẹ̀ méjì àti transfer lock, ìyẹn àgádágodo tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbé orúkọ lọ sí ilé-iṣẹ́ míì. Ẹni tó ń kọ́ ìkànnì kò nílò password yín: kó kọ nameserver tàbí DNS record (ohun tó ń júwe ibi tí ìkànnì àti ímeèlì yín wà) tó bá fẹ́ fún yín, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tòótọ́ ló máa kọ́kọ́ dábàá ẹ̀. Èyí tó bá ń bínú torí pé ẹ béèrè, ẹ wá ẹlòmíì. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíì ni orúkọ yín ti wà, ẹ gba auth code rẹ̀ (kóòdù tí wọ́n fi ń gbé orúkọ láti ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn) báyìí tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín.

Bí owó ò bá wọlé lọ́jọ́ tó yẹ ńkọ́? Fún .com, ilé-iṣẹ́ lè mú orúkọ náà dání dé 45 ọjọ́, àmọ́ kò pọn dandan; àwọn míì ń gbé e tà kó tó pé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, ẹ ní 30 ọjọ́ láti rà á padà, owó ìràpadà yẹn sì máa ń wọni lára. Ọjọ́ 5 tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣe nǹkan kan ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni orúkọ bọ́ sí gbangba. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí wọ́n gbé tẹ́tẹ́ tàbí àwòrán ìhòòhò síbẹ̀ ló burú jù. Rárá o. Ẹni tó bá gba orúkọ náà lè tún ímeèlì tí ẹ ti ń lò lórí rẹ̀ ṣí. Ohun tí oníbàárà bá kọ sí yín á máa bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Á lọ síbi tí ẹ ti ń gba owó iṣẹ́, á tẹ "mo ti gbàgbé password", líǹkì á sì dé bá a. Á wá kọ̀wé sí oníbàárà yín pé àkáǹtì báǹkì ti yí padà, láti àdírẹ́sì tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mọ owó. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ fẹ́ pa orúkọ kan tì, ẹ kọ́kọ́ yọ ímeèlì rẹ̀ kúrò nínú gbogbo àkáǹtì yín, kí ẹ sì ṣì máa sanwó rẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì.

Ọ̀rọ̀ inú ìkànnì kò le tó bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ ń ṣe àti ẹni tí ẹ ń ṣe é fún. "Mo nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ dídára" kò sọ nǹkan kan. "Mo máa ń túmọ̀ ìwé àdéhùn láti èdè Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn" ti parí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó fakọyọ ti tó. Ẹ sọ ohun tí oníbàárà fẹ́, ohun tí ẹ ṣe àti ibi tó já sí, kí ẹ sì gba àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta. Àwòrán tí fóònù yà lè fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000. Ẹ dín in kù sí 1200, kí fáìlì má ju 200 KB lọ, kí ẹ sì yọ àmì GPS inú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ lè ti júwe ilé yín fún gbogbo ayé.

Ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà pé òun á gbé yín sí ipò kìíní lórí Google, irọ́ ló ń pa. Kò sẹ́ni tó ní irú àṣẹ yẹn. Àwọn kan ṣì ń gbowó láti to ọ̀rọ̀ ràbàtà sínú "meta keywords", ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó fara pamọ́ sínú kóòdù ìkànnì, nígbà tó jẹ́ pé láti 2009 ni Google ti kéde pé àwọn ò lò ó láti to ìkànnì nípò. Orúkọ yín àti iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ sínú title, ìyẹn àkọlé ojú ìwé tí Google máa ń fi hàn, kó má ju nǹkan bí 60 lẹ́tà lọ. Kí ẹ wá fi ìkànnì náà han Google nínú Search Console, ohun èlò Google fún àwọn tó ní ìkànnì; ọ̀fẹ́ ni.

Ó ku fọ́ọ̀mù ìkànsí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń sọnù láìsí ẹni tó mọ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá fi àdírẹ́sì àlejò ránṣẹ́ bíi pé òun ló kọ ọ́, ẹ̀rọ ímeèlì á kà á sí ayédèrú, á sọ ọ́ sínú spam tàbí kó dá a padà. Àdírẹ́sì orúkọ ìkànnì yín ni kó wà níbi From (ẹni tó fi ránṣẹ́), ti àlejò níbi Reply-To (ibi tí èsì máa lọ). Ẹ fi fóònù ẹlòmíì dán an wò lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ ímeèlì yín gbangba sábẹ́ fọ́ọ̀mù náà.